Fushimi Inari ní Kyoto: báwo la ṣe ń ṣe lójúbọ òrìṣà ìrẹsì?

Àbẹ̀kẹ́ béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́rin la fẹ́ lọ sí Fushimi Inari ní Kyoto, ní Japan, níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ọjọ́ kan péré la sì ní. Ojúbọ Inari, òrìṣà ìrẹsì àti ìkórè, ni, àmọ́ fọ́tò àwọn ẹnu ọ̀nà pupa yẹn nìkan ni gbogbo èèyàn ń gbé kiri. Ó ṣòroó rí ẹni tí yóò sọ ohun tí èèyàn ń ṣe níbẹ̀ gan-an.

Aago mélòó ló yẹ ká ti débẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń fọwọ́, báwo ni wọ́n sì ṣe ń kí òrìṣà, kí a má baà ṣe ohun tí kò yẹ? Àgbà kan wà pẹ̀lú wa tí orúnkún ń dùn, ibo ló lè gùn dé? Mùsùlùmí sì ni ẹnì kan nínú wa, kì í bọ òrìṣà. Ṣé ó lè bá wa wọlé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé wa yékéyéké.

Àjàní Arìnnà dáhùn:

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti orí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ní ibùdókọ̀ Kyoto, JR Nara Line lẹ máa wọ̀. Ibùdó kejì ni wọ́n ń pè ní Inari, kò ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, owó rẹ̀ kò sì tó 200 yen. Ọkọ̀ tó ń dúró níbi gbogbo ni kí ẹ wọ̀, futsū ni orúkọ rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ Miyakoji sí lára, ọkọ̀ ayára ni, kì í dúró ní Inari rárá, ọ̀nà Uji ló ń gbé èèyàn lọ. Ẹ wo pátákó kí ẹ tó fẹsẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá sì ní àpótí ẹrù ńlá lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ nínú àwọn kọ́ńbọ́ọ̀dù onísanwó ní ibùdókọ̀ Kyoto. Àtẹ̀gùn òkúta ló pọ̀ jù lórí òkè yẹn, kò sí bí wọ́n ṣe ń fa àpótí ẹlẹ́sẹ̀ lórí rẹ̀.

Wọn kì í gba owó ìwọlé, tọ̀sán tòru sì ni ojúbọ náà ń ṣí. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń ta oǹdè, tí wọ́n sì ti ń tẹ òǹtẹ̀ sínú ìwé, nìkan ló ń tì nírọ̀lẹ́. Ẹ gbìyànjú kí ẹ débẹ̀ ṣáájú aago méje àárọ̀. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́rin, èrò máa ń pọ̀ lábẹ́ àwọn torii, ìyẹn àwọn ẹnu ọ̀nà pupa náà, débi pé gìgísẹ̀ ẹni iwájú nìkan lẹ ó máa rí. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun le ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ju mílíọ̀nù méjì èèyàn tó ń lọ.

Bí ẹ bá ti jáde ní ibùdókọ̀, torii àkọ́kọ́ ti wà lọ́ọ̀kán yín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Rōmon, ẹnu ọ̀nà ńlá alájà méjì tí Toyotomi Hideyoshi, jagunjagun tó ṣàkóso Japan nígbà náà, kọ́ ní 1589. Ẹ̀jẹ́ ló jẹ́ nígbà tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìlera ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn Rōmon ni ilé òrìṣà gan-an, honden. Iná ogun abẹ́lé tí wọ́n ń pè ní Ōnin jó ti àtijọ́ ní 1468, 1499 ni wọ́n sì kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ kí òrìṣà kí ẹ tó gun òkè. Ọ̀pọ̀ máa ń sáré kọjá honden lọ síbi torii nítorí fọ́tò, ó sì dùn mí pé wọ́n fo ojúbọ fún ọ̀nà tó kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Nípa ti àgbà yín: láti honden, àtẹ̀gùn díẹ̀ lẹ máa gùn, lẹ óò sì dé Senbon Torii, ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì lábẹ́ àwọn torii kéékèèké tó fara ti ara wọn. Ẹ tẹ̀lé àmì tó ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń gbà lọ àti èyí tí wọ́n ń gbà bọ̀. Ó parí sí Okusha, ojúbọ kékeré tó wà lẹ́yìn. Láti ìsàlẹ̀ dé ibẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ bí ẹ bá rọra ń rìn, ọ̀nà náà kò sì ga gègèrè. Kí àgbà yín dúró níbẹ̀, kí ó sinmi, kí ó sì padà. Lẹ́yìn Okusha ni àtẹ̀gùn gidi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tó kù, Yotsutsuji ni kí ẹ fojú sùn. Oríta ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 40 láti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ìlú Kyoto ní tẹ́ńtẹ́rẹ́. Bí ẹ bá lọ yí gbogbo òkè ká, ó tó kìlómítà mẹ́rin, ẹ fi wákàtí méjì sí i. Ẹ mọ̀ ṣáájú pé téńté òkè náà, Ichinomine, tó ga ní mítà 233, kò ní ibi tí èèyàn ti lè wo ìlú. Igi ló bo ibẹ̀. Ojúbọ kékeré ló wà níbẹ̀. Ẹni tó gun òkè nítorí ìran nìkan á bínú. Ẹni tó gùn ún nítorí ìbọ ti dé ibi tó ń lọ.

Adékúnlé Kansai dáhùn:

Àjàní ti sọ ti ọ̀nà. Èmi yóò sọ ti ìfọwọ́ àti ìkíni, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti máa ń ti àlejò jù.

Bí ẹ bá dé torii àkọ́kọ́, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ yíjú padà síbi ojúbọ, kí ẹ tún tẹrí ba. Ẹ má rin àárín ọ̀nà gan-an. Òrìṣà ni wọ́n ní ó ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀gbẹ́ ni ti èèyàn.

Ibi ìfọwọ́ ni wọ́n ń pè ní temizuya: àwo òkúta tí omi ń ṣàn sí, pẹ̀lú àwọn ìgbakọ tí ọwọ́ wọn gùn. Omi ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa bù, ẹ ó sì fi ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mú ìgbakọ, ẹ bu omi dé ìdajì rẹ̀, kí ẹ da díẹ̀ sí ọwọ́ òsì. Ẹ gbé ìgbakọ sí ọwọ́ òsì, kí ẹ da díẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹ dá a padà sí ọ̀tún, ẹ ká àtẹ́lẹwọ́ òsì bí ife, ẹ da omi sí i, kí ẹ fi yọ ẹnu. Ẹ tún da díẹ̀ sí ọwọ́ òsì náà, nítorí ó ti kan ẹnu. Níkẹyìn, ẹ nà ìgbakọ dúró ṣánṣán kí omi tó ṣẹ́ kù ṣàn wálẹ̀ lára ọwọ́ rẹ̀ kí ó sì fọ̀ ọ́ mọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ẹ wá dá a padà ní ìdojúbolẹ̀.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àwọn kan máa ń gbé ìgbakọ sẹ́nu tààrà. Àwọn kan máa ń tu omi padà sínú àwo; ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, níbi òkúta wẹ́wẹ́, ni wọ́n ń tu ú sí, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi bo ẹnu. Àwọn kan á bu omi kún bámúbámú, wọ́n á dà á tán sórí ọwọ́ àkọ́kọ́, kò wá ní sí ohun tí wọ́n máa fi yọnu. Ìdajì ìgbakọ tó. Láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ ojúbọ ti kó ìgbakọ kúrò, omi kàn ń ṣàn láti ojú ọparun ni. Bí ẹ bá bá a bẹ́ẹ̀, ẹ fọ òsì, ẹ fọ ọ̀tún, ó ti tó.

Níwájú honden, ẹ ju owó sínú àpótí, ẹ mi okùn kí agogo dún, kí ẹ tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ̀yìn tẹ̀ dáadáa, kì í ṣe orí nìkan. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, kí ẹ sọ tinú yín láìpariwo, kí ẹ wá tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá fẹ́ pàtẹ́wọ́ bí àwọn onílé ti ń ṣe é, ẹ fa ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀, kí orí ìka rẹ̀ má bá ti òsì dọ́gba. Àwọn ojúbọ kan ń lu agogo ṣáájú owó. Kò sí ẹni tí yóò bá yín jà nítorí ìyẹn. Ohun tí kò dáa ni kí èèyàn dúró lọ́ọ̀kánkán àpótí fún ìṣẹ́jú gbọọrọ kí ìlà máa gùn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá parí, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́. Bí èrò bá sì pọ̀, ẹ má ju owó láti ọ̀ọ́kán, orí ẹni iwájú ni yóò bà.

Owó ẹyọ 5 yen ni ọ̀pọ̀ fẹ́ràn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó jù ú: ṣírí ìrẹsì tó gbó tó tẹrí ba ló yọ lójú rẹ̀, ìlà omi wà nísàlẹ̀, eyín ẹ̀rọ sì yí ihò àárín ká. Fún ojúbọ òrìṣà ìrẹsì, mi ò mọ owó tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti ṣẹ́ wọn sílẹ̀ láti ilé, nítorí ojúbọ kéékèèké pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ó sì fẹ́ ní bíi mẹ́wàá lọ́wọ́.

Àgbẹ̀ Onírẹsì dáhùn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó ku ohun tó mú kí ibẹ̀ jẹ́ ojúbọ ìkórè.

Ukanomitama ni olórí nínú àwọn òrìṣà márùn-ún tó wà níbẹ̀, òrìṣà oúnjẹ àti ọkà ni. Ọdún 711 ni wọ́n ní ìbọ náà bẹ̀rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé olówó kan nínú ìdílé Hata, Irogu lórúkọ rẹ̀, fi mochi, ìyẹn àkàrà ìrẹsì, ṣe àmì tó ń ta ọfà sí. Mochi náà di ẹyẹ funfun, ó fò lọ sí téńté òkè, ìrẹsì sì hù níbi tó bà sí. Ẹni tó fi oúnjẹ ṣeré rí i bí oúnjẹ ṣe fò lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo ìbọ ibẹ̀ dá lórí kí oúnjẹ má tún fò lọ mọ́. Bí 30,000 ojúbọ Inari ló wà káàkiri Japan lónìí, ibí yìí sì ni olórí wọn.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ẹ máa rí níbi gbogbo kì í ṣe òrìṣà. Ìránṣẹ́ òrìṣà ni. Ẹ wo ẹnu wọn dáadáa, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ síra: òmíràn gbé ṣírí ìrẹsì há ẹnu, òmíràn kọ́kọ́rọ́ àká, òmíràn ìlẹ̀kẹ̀ róbótó, òmíràn ìwé tí wọ́n ká. Àwọn méjì tó wà níwájú Rōmon, ọ̀kan mú kọ́kọ́rọ́, èkejì mú ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn tó ń ya fọ́tò níbẹ̀ pọ̀, àwọn tó wo ẹnu wọn kò pọ̀.

Oko ìrẹsì wà lórí ilẹ̀ ojúbọ náà, ọdún ìbọ sì ń tẹ̀lé oko yẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, wọ́n ń fún irúgbìn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, wọ́n ń lọ́ ọ sínú omi, àwọn obìnrin á wọ aṣọ ìbílẹ̀, wọ́n á jó ijó oko, àwọn mìíràn á máa gbìn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, wọ́n ń kórè. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, wọ́n ń dáná sun pòròpórò ìrẹsì náà, Hitaki-sai ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, wọ́n ń gbé ìrẹsì tuntun fún òrìṣà.

Ẹ rí i pé oṣù kọkànlá tí ẹ mú yẹn dára púpọ̀. Bí ẹ bá lè tún ọjọ́ ṣe, ọjọ́ 8 ni kí ẹ mú. Lọ́sàn-án ni iná náà ń jó, ní gbangba, tí wọ́n sì ń ju àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn èèyàn kọ ẹ̀bẹ̀ wọn sí sínú rẹ̀. Ìdúpẹ́ lọ́wọ́ òrìṣà fún ìkórè tó ti wọlé ni. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, nítorí èéfín ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ má sì wọ aṣọ tí iná lè tètè ràn. Ẹ lè gun òkè láàárọ̀, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá wo iná lọ́sàn-án.

Nípa torii: bí 10,000 ló wà lórí òkè náà, àwọn oníṣòwò àti ìdílé ló sì ń san owó wọn, láti ìgbà Edo (1603 sí 1868) ni àṣà náà ti gbilẹ̀. Láti orí oko ni òrìṣà ìrẹsì ti wọ ọjà, nítorí ìrẹsì ni owó láyé ìgbà yẹn. Bí ẹ bá ń gùn lọ, ara òpó náà mọ́ lóló, ẹ kò ní rí àkọlé kankan. Ẹ yíjú wẹ̀yìn: orúkọ ẹni tó san owó rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ló kún ara rẹ̀, tí wọ́n kọ ní dúdú. Igi ni wọ́n, ìdí òpó sì ni omi ti ń kọ́kọ́ jẹ wọ́n, ìdí nìyí tí ẹ óò fi rí òmíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn tó ti ṣí. Makuri, irin tó ń ṣàn bí omi, wà nínú ọ̀dà pupa ayé àtijọ́, ó ń dá ìjẹrà igi dúró. Ẹ má fara ti wọn, ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ lé ìdí wọn.

Àbẹ̀kẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. A ó yí ọjọ́ wa sí 8. Ó ku méjì: ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí wa yẹn, àti ohun tí a lè rà tàbí gbé fún òrìṣà. Mo gbọ́ pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹ́ràn awàrà díndín.

Adékúnlé Kansai:

Kò sí ohun tó dí Mùsùlùmí yín lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹ̀sìn lẹ́nu ọ̀nà. Ìfọwọ́ ní temizuya jẹ́ ìwẹ̀nùmọ́ nínú ìbọ wọn, kò pọn dandan. Kí ó kọjá. Títẹrí ba lábẹ́ torii náà kò pọn dandan. Bí ẹ bá dé honden, kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí ó má ṣe wà lórí ìlà tó kọjú sí àpótí owó, kí ó ṣí fìlà bí ó bá dé e, kí ó má sọ̀rọ̀ sókè nígbà tí àwọn mìíràn ń bẹ̀bẹ̀. Oǹdè, pátákó ẹ̀bẹ̀ àti òkúta tí wọ́n ń gbé láti wádìí ẹ̀bẹ̀ ní Okusha, ìbọ ni gbogbo wọn, kì í ṣe ohun ìrántí lásán. Kí ó mọ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Ohun kan tún wà tí àwọn àlejò kì í mọ̀: ẹni tí èèyàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í lọ sí ojúbọ Ṣíńtò, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan, títí ọjọ́ 50 á fi pé. Bí ó bá kan ẹnikẹ́ni nínú yín, ó dáa kí ẹ gbọ́.

Àgbẹ̀ Onírẹsì:

Awàrà sóyà díndín, aburaage, ni wọ́n ń gbé fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, lóòótọ́. Ìrẹsì tí wọ́n dì sínú rẹ̀ ni inari-zushi, ilé oúnjẹ ìsàlẹ̀ òkè ń tà á. Àmọ́ ẹ má fi oúnjẹ sílẹ̀ kí ẹ sì lọ. Kannakánná, ọ̀bọ àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó wà lórí òkè náà. Oúnjẹ tí wọ́n bá rí lónìí ni yóò mú wọn dojú kọ èèyàn lọ́la. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ kí òrìṣà, kí ẹ sì gbé e padà. Bí ẹ bá ra àbẹ́là, inú àpótí onígíláàsì tàbí onírin tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ tàn án sí, nítorí igi àti ewé gbígbẹ ló yí ọ ká.

Ní Okusha, wọ́n ń ta pátákó ẹ̀bẹ̀ tó ní orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ya ojú àti ẹnu rẹ̀, ẹ̀yìn lẹ máa kọ ẹ̀bẹ̀ sí, kí ẹ wá fi kọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fìtílà olókùúta méjì, tí òkúta róbótó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ẹ̀bẹ̀ yín, kí ẹ fojú inú wo bí òkúta náà yóò ṣe wúwo tó, kí ẹ tó gbé e. Bí ó bá fúyẹ́ ju bí ẹ ṣe rò, ẹ̀bẹ̀ yóò gbà. Bí ó bá wúwo jù, ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kí ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, nítorí ẹni tó na ọwọ́ gbé e láti ọ̀ọ́kán á ṣe ẹ̀yìn ara rẹ̀ léṣe.

Bí ẹ bá kọjá Okusha, ẹ óò dé adágún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kumataka-sha. Wọ́n ní ẹni tó ń wá èèyàn rẹ̀ tó sọnù á pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, apá ibi tí ohùn bá ti padà wá ni kí ó ti lọ wá a. Lókè, ní ọ̀nà tó yí òkè ká, Ganriki-sha wà fún àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ nípa ojú. Àwọn òkúta àkọlé tí torii kéékèèké wà nídìí wọn, tó tò gègèrè káàkiri òkè, ojúbọ ìdílé ni wọ́n, wọ́n tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ má jókòó lé wọn lórí láti sinmi.

Àjàní Arìnnà:

Kí n fi díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá ní goshuinchō, ìwé tí wọ́n ń gba òǹtẹ̀ àwọn ojúbọ sí, ẹ kí òrìṣà tán kí ẹ tó lọ gba òǹtẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ojúbọ 300 sí 500 yen ni, wọn kì í sì í tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìkọ̀wé lásán. Oǹdè tí ẹ bá rà, ẹ má tú u wo inú rẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n ń lò ó, kí wọ́n tó dá a padà fún ojúbọ láti sun.

Bí ẹ bá tún fẹ́ lọ sí Toyokawa Inari ní ìpínlẹ̀ Aichi, ẹ má pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ o. Orúkọ Inari ló ń jẹ́, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì kún ibẹ̀, àmọ́ ilé ẹ̀sìn Búdà ni, Myōgon-ji gan-an lórúkọ rẹ̀. Ọwọ́ pípàpọ̀ láìdún ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní ojúbọ ńlá Ise, níbi tí wọ́n ti ń bọ Toyouke, òrìṣà oúnjẹ, ní Gekū (ojúbọ òde), ìlànà náà tún yàtọ̀ díẹ̀: ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ń rìn ní Gekū, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ní Naikū (ojúbọ inú), Gekū sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún òrìṣà níbẹ̀.

Fún ọjọ́ 8 yín: ẹ wọ bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀, nítorí òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ẹ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gùn. Ẹ ra omi nísàlẹ̀ pẹ̀lú, bí ẹ bá ti ń gòkè ni iye rẹ̀ ń gòkè. Bí ẹ bá fẹ́ wo iná lọ́sàn-án, ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ dé honden kí aago méjìlá tó lù, kí ẹ lè rí ibi dúró.